Ẹṣin Ìlọrin ní Òṣogbo: kí ló dá wọn dúró?

Ìbéèrè kan ló tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọmọ Ìlọrin ni ìyàwó mi. Gbogbo Iléyá tí a bá lọ kí àwọn àna mi, ọ̀rọ̀ ogun Òṣogbo ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi máa ń dá mi lágara. Ó ní ẹṣin Ìlọrin kò bá ẹlẹ́sẹ̀ jà rí kó fìdí rẹmi, pé àrékérekè ni Ìbàdàn fi mú wọn. Nílé tiwa, ohun tí ìyá mi àgbà sọ fún wa ni pé Ọ̀ṣun ló ta ẹ̀fọ́ olóró fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ní ìbọn ló parí ẹ̀, pé ẹṣin kì í dúró níwájú ìbọn. Èwo ni ká gbà? Báwo ni ogun tó fi ẹṣin tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ṣe wá fọ́ ní Òṣogbo?”

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn àna yín, nítorí mo mọ̀ pé kò retí ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn kò ṣẹ́gun ẹṣin Ìlọrin ní gbangba, lójú ọ̀sán. Ogun náà wáyé ní nǹkan bí ọdún 1840, òru ni wọ́n sì fi parí ẹ̀. Ìlọrin ti dó ti Òṣogbo, ọ̀nà oúnjẹ ti ń há, ìlú ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n gba àwọn. Àwọn tí Ìbàdàn kọ́kọ́ rán lọ kò rí i ṣe. Wọ́n tún fi kún wọn, kò tíì tó, kí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ fúnra ẹ̀ tó wá kó ogun ńlá jáde. Òun náà dé, kò sì sáré bọ́ sí pápá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wojú ara wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ tí Ìbàdàn dé ni wọ́n gbá Ìlọrin dànù, ìtàn ẹ̀yìn ìṣẹ́gun ló ń sọ, nígbà tí gbogbo èèyàn ti di akọni.

Kí ló dé tí Ọdẹ́rìnlọ́ fi jókòó? Ibí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ọmọ Ìbàdàn ti ń wọ́. Bí èèyàn bá gbọ́ “ìbọn” lónìí, ìbọn tó ń tú ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi ló ń bọ̀ lọ́kàn ẹ̀. Ṣakabùlà ni tàwọn ara ìgbà yẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kì í: ọmọ ogun á gbé ìdí ìbọn kalẹ̀, á da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, á ki àkísà tàbí èèpo lé e, á fi ọ̀pá gún un títí á fi le, á da ọta tàbí àfọ́kù irin sí i, á tún gún un. Lẹ́yìn náà ni á wá gbé e sókè, á bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú rẹ̀ níbi tí òkúta ìbọn ti máa ṣá iná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yìn ín, ó tún di àtúnkì. Bí òjò bá sì fi lè kan ẹ̀tù, igi lásán ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́ kò ní sáré wá pàdé ìbọn tó ti kì. Yóò sún mọ́ ọn díẹ̀, yóò ṣe bí ẹni fẹ́ wọlé, wọn á yìnbọn sí i láti òkèèrè, á sì yí padà. Ìgbà tí wọ́n bá wá tẹ̀ síwájú láti ki òmíràn ni yóò gún ẹṣin ní kẹ́ṣẹ́. Kí ọ̀pá ìbọn tó jáde ní ẹnu ìbọn, ọ̀kọ̀ ti dé àyà. Ní ilẹ̀ gbalasa, ẹlẹ́sẹ̀ tó bá yíjú padà sá ti kú, nítorí ẹsẹ̀ méjì kì í sáré ju mẹ́rin lọ. Ọdẹ́rìnlọ́ mọ èyí dáadáa. Àwọn tó kó jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti rí i lójú ara wọn rí, nítorí ogun ẹlẹ́ṣin yìí gan-an ló lé wọn kúrò ní ìlú àwọn baba wọn kí wọ́n tó wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ ìlú baba yẹn ló ṣe yẹ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí mo rí i nínú apá tí mo gé kúrò nínú lẹ́tà yín pé ẹ kà á sí ogun Yorùbá àti Fúlàní. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátá. Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ ni ẹṣin. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, koríko pọ̀, igi kò dí ojú, àwọn Aláàfin sì ń ra ẹṣin láti òkè, láti ọ̀nà ilẹ̀ Tápà àti Haúsá. Ẹṣin yẹn ni wọ́n fi gun Dàhòmì ní 1726, tí Dàhòmì fi di ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun kan sọ́kàn nínú ìtàn Dàhòmì yẹn, a máa padà sí i: nígbà tí Ọ̀yọ́ tún ń bọ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Agaja ọba Dàhòmì kì í dúró jà. Á dáná sun ìlú ara ẹ̀, á kó èèyàn ẹ̀ wọgbó, á sì dúró de òjò. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ẹṣin á di ìṣòro, ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, Ọ̀yọ́ á sì padà sílé.

Ta ló ń tọ́jú ẹṣin fún Ọ̀yọ́? Ẹrú Haúsá ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ló mọ oúnjẹ rẹ̀, àwọn ló mọ àìsàn rẹ̀. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò (olórí ogun Ọ̀yọ́) tó wà ní Ìlọrin, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, ó pe Álímì, àfáà Fúlàní, mọ́ra, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹrú Haúsá tó bá sá wá bá a. Ní nǹkan bí 1817 ni wọ́n dìde, tí wọ́n wọ́ lọ sí Ìlọrin. Èmi máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi pé ọjọ́ yẹn ni ẹṣin kúrò ní Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin ṣì so mọ́lẹ̀ nílé olókùn ẹṣin. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ti lọ, ọ̀nà òkè tí wọ́n ń gbà rà á náà ti bọ́ sí abẹ́ àkóso ọ̀tá. Àwọn tí Àfọ̀njá kó jọ yìí náà ló padà pa á, ní nǹkan bí 1824. Ọmọ Álímì, Abdul Salami, sì di ẹ́míà.

Ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ àwọn balógun Ìlọrin síta kẹ́ ẹ gbọ́: Balógun Gàmbàrí fún àwọn Haúsá, Balógun Fúlàní, Balógun Ajíkobì, Balógun Alánamú. Méjì nínú mẹ́rin, Yorùbá ni. Ọmọ ogun Ìlọrin tó dó ti Òṣogbo, ọ̀pọ̀ wọn ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà lórí odi. Ogun abẹ́lé ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin ló ń bá ọmọ Ọ̀yọ́ tó sá lọ sí Ìbàdàn jà, Òṣogbo wà láàárín. Ọ̀gá pátápátá fún ogun Ìlọrin lọ́jọ́ náà ni Àlí, Balógun Gàmbàrí. Kò sì sí iyàn pé àwọn ará Ìlọrin mọ ẹṣin. Ní bí ọdún díẹ̀ ṣáájú, nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́gun Aláàfin Olúéwu pẹ̀lú àwọn Bàrìbá tó wá ràn án lọ́wọ́. Olúéwu kú sógun, Ọ̀yọ́ Ilé tú, igbó hù síbẹ̀. Àtìbà, Aláàfin tuntun, wá gbé Ọ̀yọ́ kalẹ̀ sí Àgọ́ Ọjà, níbi tí Ọ̀yọ́ wà dòní, ó fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ ní Ìjàyè. Gbogbo ètò yẹn kò tíì gbó nígbà tí Ìlọrin yọ sí Òṣogbo. Bí Òṣogbo bá ṣubú, ọ̀nà ti là sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti sí Ìbàdàn fúnra ẹ̀, débi tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ títí dòní pé wọ́n fẹ́ ti Kùránì bọ òkun.

Wàyí o, ohun tí mo gbà pé ó fọ́ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo nìyí, mo sì ti ń rò ó láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn: wọ́n jẹ́ kí ẹṣin dúró lójú kan. Iṣẹ́ ẹṣin ni kó dé lójijì kó sì lọ. Kó já wọ oko nígbà tí àgbẹ̀ ń ro, kó gé ọ̀nà ọjà, kó lé ogun tó ti tú. Ẹṣin kì í gun odi, kì í sì í fo yàrà ìlú. Bí ìlú bá ti ti bodè, ẹlẹ́ṣin ti di ẹlẹ́sẹ̀ tó ní ẹran láti bọ́. Ìlọrin sì ní láti dó ti ìlú náà, nítorí odi ló wà níwájú wọn. Ẹṣin kan á jẹ koríko láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹ ò sì ní fún un ní koríko lásán kẹ́ ẹ retí kó gbé géńdé àti gàárì sáré, ẹ ní láti fi ọkà bàbà tì í. Ẹ fi ìyẹn sórí gbogbo ẹṣin bùdó. Ní ọjọ́ díẹ̀ koríko àyíká ti tán, àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin á máa rìn jìnnà sí i lójoojúmọ́ láti pa koríko, wọn á sì máa bá ọmọ ogun ọ̀tá pàdé nínú igbó. Iye ẹṣin tí wọ́n kó wá, kò sẹ́ni tó kà á. Ẹ má gba iye kankan tí ẹnikẹ́ni bá dá fún yín, nítorí ẹni tó ṣẹ́gun máa ń fẹ́ kí ẹṣin ọ̀tá pọ̀.

Èyí tó tún burú ni eṣinṣin. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹṣin kò lè wọ igbó torí igi. Igi ń ṣe tiẹ̀ lóòótọ́: ẹ̀ka á gbá ẹlẹ́ṣin lórí, ojú ọ̀nà tóóró kò jẹ́ kí wọ́n tò. Àmọ́ eṣinṣin tsetse tó ń gbé inú igbó tútù àti etí odò ló ń pa ẹṣin gan-an. Ó ń bu ẹran jẹ, ó ń fi àìsàn sí i lẹ́jẹ̀, ẹṣin á máa rù, ojú á máa ṣomi, ìdí á rọ, ó kú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ kò fi rí ìlú inú igbó kan tó fi ẹṣin jagun. Òṣogbo kì í ṣe inú igbó kìjikìji, ẹ̀yin ọmọ ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ààlà ló wà: bí ẹ bá kọjú sí Ìkìrun àti Ọ̀fà, ilẹ̀ ń là, bí ẹ bá kọjú sí odò Ọ̀ṣun, igbó ń ki. Ìlọrin lè mú ẹṣin dé ibẹ̀ láìsí wàhálà. Kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ ló le. Ẹ rántí Agaja tó dúró de òjò. Ọdẹ́rìnlọ́ náà ní àkókò lọ́wọ́ ju Àlí lọ.

Nígbà tó wá tó àkókò, òru ni wọ́n lọ. Àwọn ọmọ Òṣogbo tó mọ ipa ọ̀nà ló ṣáájú wọn. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn, tí àwọn àgbà máa ń sọ: nítorí pé èdè kan náà ni tọ̀tún-tòsì ń sọ, tí òkùnkùn kò sì jẹ́ kí wọ́n dá ara wọn mọ̀, wọ́n fi ìbéèrè kan ṣe àmì. Ẹni tí o bá pàdé, bi í pé, “Èló ni owó odò?” Ìbàdàn ló gba Ọ̀ṣun kọjá, àwọn ló san owó fún ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ọmọ Ìlọrin láti òkè ló ti wá, kò bá ẹnikẹ́ni san owó odò. Ẹni tó bá dákẹ́, tàbí tó dá iye tí kò rí bẹ́ẹ̀, idà ló tẹ̀ lé e. Ẹ rò ó wò: nínú ogun tí wọ́n ń pè ní ti Fúlàní, ahọ́n kò lè sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Owó ọkọ̀ ló sọ ọ́.

Àwọn ẹṣin ńkọ́? Wọ́n wà lórí ìso. Ẹṣin bùdó kì í sùn pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn, egbò ló máa dá sí i lára. Okùn wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn sì wà ní èèkàn. Ní ọdún kan tí mo lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin nígbà ọdún Iléyá ní Ìlọrin, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó di ẹṣin rẹ̀ ní gàárì lójú mi, kí n kàn wò ó. Ọ̀sán gangan ni, ẹṣin náà mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ó tú okùn ẹsẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sí i lẹ́yìn, ó gbé gàárì lé e, ẹṣin mí, inú rẹ̀ wú, okùn ikùn kò dé ojú ibi tó yẹ. Ó dúró kí ẹṣin mí jáde, ó tún fà á. Ó wá ki ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹṣin gbé orí sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ó pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bi í bóyá ó lè ṣe é nínú òkùnkùn, tí èèyàn bá ń pariwo, tí iná bá ń jó lára àgọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹṣin fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tapá pa mí.” Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni ogun Òṣogbo tó yé mi. Gbogbo agbára Ìlọrin wà lórí ẹṣin, ẹṣin sì ń bẹ ní èèkàn. Àwọn tó jí lójú oorun, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n, wọn kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ jà. Nínú ìjà ọwọ́-sí-ọwọ́ nínú òkùnkùn, ìbọn tí kò ṣeé tún kì kò já mọ́ nǹkan fún Ìbàdàn náà. Idà àti ariwo ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ apá yìí dáadáa.

Àlí sá là. Wọ́n mú Ajíkobì, balógun Yorùbá, wọ́n mú Jìmbà, olórí ẹrú ẹ́míà. Nínú ìtàn tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n mú padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá kò rí àánú bẹ́ẹ̀ gbà, wọ́n kà wọ́n sí ọ̀dàlẹ̀. Mi ò fẹ́ràn apá yìí, mi ò sì ní bo ó mọ́lẹ̀. Bí ogun abẹ́lé ṣe máa ń rí nìyẹn, àjèjì lè ra ara ẹ̀ padà, ọmọ ìyá ni wọn kì í dárí jì.

Ti Ọ̀ṣun wá kù. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu àwọn ìyá púpọ̀ ní Òṣogbo, pé Ọ̀ṣun di obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ yánrin, ó gbé e lọ sí bùdó, àwọn ọmọ ogun jẹ ẹ́, inú rún wọn. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò kò lè wọn iṣẹ́ òrìṣà, nítorí náà mi ò ní pe ìyá yín àgbà ní òpùrọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìtàn náà mọ bùdó. Ogun tó dó pẹ́ máa ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin àyíká, ẹni tó bá sì ń tajà ní bùdó ló máa ń mọ ibi tí wọ́n so ẹṣin mọ́ àti ibi tí ọ̀gá sùn sí. Ẹni tó ń sọ pé obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wọ bùdó Ìlọrin tó sì jáde láyọ̀, mi ò rí ohun tí màá fi jiyàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Òṣogbo ló parí ẹṣin Ìlọrin. Ọdún bí méjìdínlógójì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, wọ́n tún wà ní Ìkìrun pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, Ìbàdàn sì tún tú wọn ká. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, odò Ọ̀tìn dí wọn lọ́nà, ó kún, ọ̀pọ̀ èèyàn àti ẹṣin ló kó sínú rẹ̀. Orúkọ tí ogun náà ń jẹ́ ni Jálumi. Ìlọrin ṣì tún ní agbára lẹ́yìn ìyẹn tó fi dó ti Ọ̀fà fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìbọn Maxim tó ń yìn láìdúró wá sí Ìlọrin ní oṣù Kejì 1897, tí ẹlẹ́ṣin jáde sí wọn ní ọ̀sán gbangba, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín tó wá di òótọ́, pé ẹṣin kì í dúró níwájú ìbọn. Ó kàn fi ọdún bí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ṣáájú ni.

Òṣogbo náà kò sì dòmìnira tán. Ìbàdàn tó gbà wọ́n kò padà sílé lọ́wọ́ òfo, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti nasẹ̀ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú tó ń bá wọn ṣàkóso, sí àwọn ìlú, ajẹ́lẹ̀ yẹn náà ló padà di ìjà Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín bá ní àrékérekè ni, ẹ gbà fún un pé òru ni wọ́n wá, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ní kí wọ́n fi ẹṣin sùn síbi tí wọ́n dó sí. Bó bá ṣì ń jiyàn, Iléyá ń bọ̀, ẹṣin kò ní ṣaláì sí ládùúgbò wọn. Ẹ ní kó dúró di òru, kó pa iná, kó sì di ọ̀kan ní gàárì kí ẹ tó kà dé ọgọ́rùn-ún.